Bí ogun ọ̀nà jíjìn ṣe ń dé ìdí ààrò ní Íńdíà

Nínú epo rọ̀bì tí Íńdíà ń lò, ó lé ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ti òkè òkun wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń sọ, tó sì ń bí mi nínú, ni pé níwọ̀n ìgbà tí ogun kò bá tíì dí ọ̀nà epo, kò tíì sí ewu. Irọ́ ni. Owó ti máa ń lọ kí epo tó dáwọ́ dúró.

Ẹ wo Hormuz, ọ̀nà omi tó wà láàárín Ìráànì àti Oman. Níbi tó ti fún jù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 33 lọ, síbẹ̀ nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù àgbá epo ló ń gbabẹ̀ kọjá lójúmọ́ lọ́dún 2024. Tí ìbọn bá dún nítòsí ibẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ ń dáhùn. Ìgbìmọ̀ kan wà níbẹ̀, Joint War Committee, tó ń tọ́ka sí omi tí ewu ogun wà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ irú omi bẹ́ẹ̀ ní láti san àfikún owó adójútòfò, tó sábà máa ń jẹ́ fún ọjọ́ méje péré. Iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ tó 100 mílíọ̀nù dọ́là: tí wọ́n bá béèrè ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún, 200,000 dọ́là nìyẹn. Tó bá di ìdá 1, ó di mílíọ̀nù kan, láìsí ọkọ̀ kankan tó jóná. Bí awakọ̀ ṣe ń fowó lé owó ọkọ̀ nígbà tó gbọ́ pé olè wà lọ́nà gan-an nìyẹn, bí kò tilẹ̀ tíì fojú kan olè. Ẹni tó ń ra epo ló ń san án.

Epo tí kò gba Hormuz pàápàá kò bọ́, torí ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, epo Rọ́ṣíà ṣì ń ṣàn, àmọ́ Brent, epo tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye owó epo lọ́jà àgbáyé, kọjá 130 dọ́là fún àgbá kan. Dọ́là sì ni Íńdíà sábà máa fi ń rà á. Tí rupee, owó Íńdíà, bá tún já wálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀wọ́n gógó náà bá wọn.

Ọgbọ́n wà nínú ètò adójútòfò yìí, torí láìsí i, ta ni yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ ibi ogun? Ìpamọ́ epo Íńdíà ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú àpáta ní Visakhapatnam, Mangaluru àti Padur, tó lè gba 5.33 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù epo rọ̀bì, ohun tí orílẹ̀-èdè náà lè lò fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án àbọ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì ìdáná ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n ń rà wọlé, èyí tó pọ̀ jù sì ń gba Hormuz. Ó yẹ kí wọ́n ti fi ìpamọ́ gáàsì ṣáájú, torí àwọn tálákà tó ń fi í dáná kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè tọ́jú tiwọn sí.