Ohun Tó Wà Nínú Àwo Orin àti Ohun Tó Wà Nínú Fáìlì

Nítorí pé rẹ́kọ́ọ̀dù àti sídì jọ rí roboto, tí ihò sì wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kà wọ́n sí ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n sì fi fáìlì orin tí à ń wà jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe àjèjì. Bí a bá yẹ inú wọn wò, kò rí bẹ́ẹ̀: sídì àti fáìlì ló bára tan, rẹ́kọ́ọ̀dù ló dá dúró.

Lójú rẹ́kọ́ọ̀dù, ìlà tóóró kan ṣoṣo ni a gbẹ́ sára àwo, tó ń lọ́ po láti etí títí dé ìtòsí àárín. Bí a bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìlà yìí, a ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tẹ́jú. Ó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò, kọ́lọkọ̀lọ yẹn gan-an sì ni ìgbì ohùn. Bí àwo bá ti ń yí (irú èyí tó jáde lọ́dún 1948 a máa yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan), abẹ́rẹ́ a máa tọ ipa náà, a sì máa gbọ̀n, ẹ̀rọ a wá sọ gbígbọ̀n rẹ̀ di iná mànàmáná tó ń lọ sí sípíkà. Nítorí pé abẹ́rẹ́ ń fara kan àwo, gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ orin náà ni ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Sídì, tí Sony àti Philips jọ gbé kalẹ̀, tó sì kọ́kọ́ dé ọjà ní Jàpáàn lọ́dún 1982, kò ní àwòrán ìgbì ohùn kankan lára. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ a wọn bí ìgbì ohùn ṣe ga tó, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, a sì kọ iye náà sílẹ̀ ní bíìtì 16 (bíìtì kan jẹ́ òǹkà 0 tàbí 1). Àwọn nọ́ńbà yìí ló di kòtò tíntìntín lábẹ́ ike tó nípọn tó mìlímítà 1.2, tí iná lésà ń kà láti àárín lọ sí etí láìfara kàn án. A tún fi àwọn nọ́ńbà mìíràn há wọn láàárín, èyí tí ẹ̀rọ fi ń tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe, ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbọ́ ọ nínú orin bí ara sídì bá họ díẹ̀. Ẹ̀yìn tí a kọ orúkọ orin sí gan-an ló yẹ kí a ṣọ́ jù, torí pé abẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ibẹ̀ ni alumíníọ̀mù tó ń dá iná padà wà.

Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí sídì tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 42, èyí tó pọ̀ jù fún íńtánẹ́ẹ̀tì ayé ọjọ́un. MP3, ọ̀nà kan láti sọ fáìlì orin di kékeré, tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì kó ipa ńlá nínú rẹ̀, yanjú èyí nípa títẹ̀ lé bí etí ṣe ń gbọ́ràn. Bí ìlù ńlá bá dún, etí kì í gbọ́ ohùn fẹ́lẹ́ tó sún mọ́ ọn. MP3 kò wá ní fi àyè ṣòfò lórí irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ní kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orin kan náà kò tó mẹ́gábáìtì 4. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti gé sọnù kò ní padà mọ́, kódà bí a bá kọ fáìlì náà sórí sídì. FLAC, ọ̀nà mìíràn láti dín fáìlì orin kù, ní tirẹ̀ dà bí aṣọ tí a ká, tí a kò gé: ó máa ń dínkù dé nǹkan bí ìlàjì, síbẹ̀ gbogbo nọ́ńbà sídì a jáde pé pérépéré nígbà tí a bá tú u.

Ẹni tó bá da fáìlì kọ nígbà ọgọ́rùn-ún, èyí tó gbẹ̀yìn kò ní yàtọ̀ sí àkọ́kọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo tó ní bá kú, ẹgbẹ̀rún orin lè bá a lọ lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ ti họ ṣì ń ta pàpà, tó sì ń kọrin lọ.