Ọmọ Ìgbórè, Àpáàdì Ifẹ̀: bí ìwalẹ̀pìtàn ṣe fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá

Bí òjò bá rọ̀ gidi ní Abẹ́òkúta, tí àgbàrá gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, àpáàdì ló máa ń yọ síta. Ìyá àgbà á ní ká jù ú nù kó má bàa gé wa lẹ́sẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Awalẹ̀pìtàn là ń pè wọ́n.

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀, ó ń sanwó fáwọn èèyàn kí wọ́n bá a hú nǹkan nínú igbó Olókun. Ó fẹ́ kó ohun tí wọ́n hú lọ; àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ló gba orí Olókun, ère orí tí wọ́n fi idẹ ṣe, padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè pe ìyẹn ní ìwádìí.

Ọmọ Ẹ̀gbá kan ló wá gbé ètò gidi kalẹ̀. Sàbúrí Bíòbákú, tí wọ́n bí ní Ìgbórè, l'Abẹ́òkúta, ní 1918, ló darí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Kò yà mí lẹ́nu pé Ẹ̀gbá ni. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ogun ti sọ ìlú wọn dahoro. Ẹnu ni wọ́n fi kó ìtàn bọ̀. Ètò Bíòbákú gba tẹnu, ó sì tún bi ilẹ̀ léèrè.

Frank Willett, tó ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Manchester wá, ló ń wa ilẹ̀ fún ètò náà. Ó kọ́kọ́ dé ahoro Ọ̀yọ́ Ilé. Ní oṣù kọkànlá 1957, àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ ilé kan ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀, ṣèèṣì kan ère idẹ: Ọọ̀ni kan tó dúró, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 47, àti Ọọ̀ni pẹ̀lú olorì tí wọ́n fẹsẹ̀ kọ́ra. Willett kò hú ibẹ̀ bí ẹni hú iṣu. Ìpele ìpele ni awalẹ̀pìtàn ń ṣí ilẹ̀: ohun tó wà lókè ló dé kẹ́yìn, tìsàlẹ̀ ló ṣáájú. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yà á sínú ìwé, kí wọ́n tó gbé e. Ohun tí a bá yọ láìkọ ibi tó wà sílẹ̀, idẹ lásán ni.

Ère ni gbogbo ayé ń wò. Ní tèmi, ilẹ̀ Ìta Yemòó ló wù mí jù: àpáàdì tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tò tímọ́tímọ́, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, bí ẹni hun ẹní. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n fi tẹ́ ìgboro kí ẹsẹ̀ òun má baà dọ̀tí. Irú àpáàdì tí ìyá àgbà ní ká jù nù náà ni.