Ṣájà kò mọ irú bátìrì tó ń bọ́

Inverter tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kò lójú. Volt tó wà lẹ́nu wáyà bátìrì nìkan ni ṣájà inú rẹ̀ ń rí. Kò mọ̀ bóyá tubular tí a ń da omi sí ni wọ́n so mọ́ ọn, àbí dry cell tí wọ́n dí pa, àbí lithium. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì lọ́jọ́ tí wọ́n so ó ló sọ fún un, ohun tó sì gbọ́ lọ́jọ́ náà ni yóò máa tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún un, kò ní pariwo. Bátìrì ni yóò máa jẹ ìyà náà díẹ̀díẹ̀, títí èyí tó ń gbé fáànù àti gílóòbù di àárọ̀ tẹ́lẹ̀ kò fi ní lè kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ mọ́. Onílé á ní ayédèrú bátìrì ni wọ́n tà fún òun. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bátìrì kò ní ẹ̀bi kankan.

Lórí inverter tí wọ́n ń pè ní Axpert àti ọ̀pọ̀ tó bá a jọ, nọ́ńbà 05 nínú ètò rẹ̀ ni wọ́n ti ń yan irú bátìrì. AGM, FLD àti USE ló máa ń wà níbẹ̀. Orí AGM, tó wà fún bátìrì tí wọ́n dí pa, ni ilé iṣẹ́ fi í sí kó tó jáde, ibẹ̀ náà ló sì máa ń wà bí ẹni tó so ó bá ń kánjú, kódà bí tubular mẹ́rin bá tò sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. FLD wà fún bátìrì tí a ń da omi sí. USE ní tirẹ̀ gba onílé láyè láti kọ iye tó fẹ́ fúnra rẹ̀: nọ́ńbà 26 fún òkè tí volt gbọ́dọ̀ dé, nọ́ńbà 27 fún volt tí yóò máa di bátìrì mú lẹ́yìn tó bá ti kún. Bí 05 kò bá sí lórí USE, 26 àti 27 kò ní gbà kí wọ́n yí wọn.

Inú bátìrì gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Òjé àti ásíìdì ni, ọgbọ́n tí Gaston Planté ará Faransé dá ní 1859, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì 12 volt, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi volt 2 wá. Bí a bá ṣe ń lo iná inú rẹ̀ ni iyọ̀ kan ń bo òjé náà, tí ásíìdì sì ń di omi ṣàkàlà. Ìgbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀ ni iyọ̀ ń tú kúrò lára òjé, tó ń padà di ásíìdì. Iyọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣòro tú. Èyí tó bá pẹ́ níbẹ̀ á dì, á le, kò sì sí ṣájà tó máa yọ ọ́ tán mọ́. Bí agbára bátìrì ṣe ń lọ nìyẹn.

Nítorí náà, bí volt ṣáàjì bá kéré jù, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Bí ó bá pọ̀ jù, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ya omi inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, háídrójìn àti ọ́síjìn: bátìrì á máa hó, omi á máa gbẹ, òjé á máa jẹrà. Àárín méjèèjì yìí ni à ń wá, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdajì volt lórí bátìrì kan ti tó láti ṣì í.

Ìpele mẹ́ta ni ṣájà tó dáa ń gbà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Á kọ́kọ́ da gbogbo amp (bí iná tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó) tí wọ́n gbà á láyè sínú bátìrì, volt á sì máa gòkè. Tó bá dé òkè tí wọ́n pa láṣẹ fún un, á dúró síbẹ̀, amp á wá máa dínkù fúnra rẹ̀ bí bátìrì ṣe ń yó. Lẹ́yìn náà ni volt á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 13.5, kó kàn máa di bátìrì mú. Ìpele kejì ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ìpele kìíní lè kó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọlé kíákíá. Ìdá kan tó kù lè gba wákàtí mélòó kan, ibẹ̀ sì ni iyọ̀ tó fara pamọ́ ti ń kúrò.

Wákàtí yẹn gan-an ni kò sí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa. Àdúgbò Band A ló yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́. Band D, wákàtí 8. Band E, wákàtí 4 péré. Bátìrì tí kò ní solar lẹ́yìn, tó ń retí wákàtí 4 ìjọba, lè má parí ìpele kejì rárá láàrin ọ̀sẹ̀. Bí ètò rẹ̀ bá tún wá rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyà rẹ̀ di méjì.

Tubular tí a ń da omi sí fẹ́ kí òkè ṣáàjì wà láàrin volt 14.4 sí 14.8. FLD orí Axpert jẹ́ 14.6 fún bátìrì kan, ó sì bá a mu. AGM orí rẹ̀ jẹ́ 14.1. Ẹni tó bá fi tubular sórí AGM ti fi ebi pa á ní ìdajì volt lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi èyí tí wọ́n dí pa sórí FLD lè ṣe òdìkejì rẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ gel, irú tí ásíìdì rẹ̀ dì bí ògì, tí kì í sábà fẹ́ kọjá 14.4. Gáàsì tó bá jáde nínú gel máa ń fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀, ihò yẹn kì í sì í padà dí.

Orúkọ tí ọjà fi ń pe bátìrì tí wọ́n dí pa ń kó bá wa. A ń pè é ní dry cell, ẹni tó gbọ́ á sì rò pé kò sí omi nínú rẹ̀. Ásíìdì wà níbẹ̀ o. Ó kàn rin wọnú aṣọ gíláàsì ni, tàbí kí wọ́n ti sọ ọ́ di bí ògì tó dì. Tí omi bá ti gba fáàfù rẹ̀ jáde, kò sí ibi tí a ó ti dá a padà. Tubular ní ọmọrí, ó sì ní ìdáríjì, bí omi tí a dà sí i bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì. Pure water inú ọ̀rá kò mọ́ tó fún bátìrì, bó ti wù kó mọ́ fún ẹnu.

Ara bátìrì náà máa ń sọ̀rọ̀. Lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n dí pa, wọ́n kọ ìlà méjì: “cycle use” 14.4 sí 15.0, àti “standby use” 13.5 sí 13.8. Ilé tí iná ń lọ lójoojúmọ́ wà ní ìlà kìíní, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sì dára ká mú nínú ooru wa. Ìlà kejì ni iye tó tọ́ fún dídi bátìrì mú. Èmi gba ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì gbọ́ ju orúkọ AGM tàbí FLD inú inverter lọ, torí ẹni tó ṣe inverter kò rí bátìrì yẹn rí.

Tí wọ́n bá to mẹ́rin pọ̀ láti di 48 volt, ìlọ́po mẹ́rin ni gbogbo iye wọ̀nyí: 14.4 á di 57.6, 13.5 á di 54. Ibi kan wà tí èyí ti ń tanni jẹ. Àpapọ̀ nìkan ni ṣájà ń rí. Bí bátìrì kan bá ti rẹ̀, tó dúró lórí 13.2, tí mẹ́ta yòókù sì wà lórí 14.8, àpapọ̀ wọn ṣì jẹ́ 57.6, ojú inverter á sì fi hàn pé gbogbo rẹ̀ dáa. Ebi ń pa ọ̀kan, àwọn mẹ́ta ń hó. Ìdí nìyí tí bátìrì tuntun kan kò fi yẹ kó wọ àárín ògbólógbòó mẹ́ta.

Ti amp kò gùn. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún Ah, ìyẹn iye iná tí bátìrì lè gbà, ló dára fún tubular, amp 22 sí 33 fún 220Ah. Mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀ léra ṣì jẹ́ 220Ah, kò di 880. Nọ́ńbà 02 àti 11 ni wọ́n ti ń yí i.

Ooru ń yí volt tó yẹ padà pẹ̀lú. Orí 25°C ni wọ́n gbé iye ara bátìrì lé. Nínú yàrá tó gbóná dé 35°C, ó yẹ kí òkè ṣáàjì dínkù ní nǹkan bíi 0.2 sí 0.3 volt fún bátìrì kan.

Bátìrì lithium ní tirẹ̀ kò ní iyọ̀ òjé, kò sì nílò kí a máa fi volt gíga fọ̀ ọ́. Èyí tó jẹ́ 51.2 volt ní yàrá 16. Òkè rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 56 sí 57.6. FLD ń lọ sí 58.4, BMS, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì láti inú rẹ̀, sì lè já iná láti gbà á là, kí ilé ṣókùnkùn nígbà tí bátìrì kún. USE ni kí wọ́n fi í sí, kí wọ́n sì pa nọ́ńbà 30, tó ń fi volt gíga fọ tubular lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 29, ibi tí inverter ti ń dẹ́kun lílo bátìrì, náà gbọ́dọ̀ gòkè ju ti òjé lọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mítà tí a fi ń wọn volt ló kù. Kí wọ́n fi í kan orí bátìrì gan-an nígbà tí ṣáàjì bá wà ní ìpele kejì, kí wọ́n fi wé iye ojú inverter. Bí inverter bá ń ka 57.6 tí orí bátìrì ń ka 56.4, wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ ló jẹ ìyókù. Kò sí iye tí wọ́n lè kọ sí 26 tó máa tún ìyẹn ṣe. Wáyà ni kí wọ́n pààrọ̀.