Bí ọ̀rá inú ikùn ṣe ń dá àìsàn sílẹ̀ lára àgbẹ̀ tí kò jókòó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ń kọ ebè, tí ń ro oko, tí ń ru gbágùúdá wálé kò lè ní irú àìsàn tí ń ṣe àwọn tí ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ di alẹ́. Òótọ́ wà nínú èrò náà, ṣùgbọ́n kò pé, àìpé rẹ̀ sì léwu, nítorí ẹni tí ó bá ti gbà pé iṣẹ́ oko ti gba òun lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í rántí lọ yẹ ara wò. Apá àgbẹ̀ lè le koko, kí ó má sanra lójú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kí ọ̀rá ti kún inú ikùn rẹ̀, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀ sì ti máa gòkè láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, ìlú àgbẹ̀ méjì ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà lára àwọn ibi tí a ti rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti láti Yunifásítì Loyola ní ẹ̀gbẹ́ Chicago wọn ìfúnpá àwọn àgbàlagbà níbẹ̀, wọ́n sì fi wé ti àwọn ènìyàn dúdú ní Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù Karibíánì àti ní Maywood ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 10,000. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru mú ènìyàn 16 nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 nínú 100 ní Karibíánì, àti 33 nínú 100 ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń sanra sí i láti ibì kan dé ibòmíràn ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wọn ní gbòǹgbò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìwádìí kan tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, ni ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Wọ́n fún àwọn obìnrin ìgbèríko ilẹ̀ wa àti àwọn obìnrin Maywood ní omi kan mu, omi tí èròjà inú rẹ̀ ṣeé tọpa nínú ìtọ̀, èyí tí a fi ń mọ iye agbára tí ara ń ná lójúmọ́. Àwọn ti Amẹ́ríkà sanra ju àwọn tiwa lọ fíìfíì. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti gbé bí ara oníkálukú ṣe tóbi tó yẹ̀ wò, agbára tí àwọn obìnrin ìgbèríko ń ná sí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin ìlú ńlá. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé kì í ṣe iye oúnjẹ tí iṣẹ́ ń jó dànù nìkan ni ó mú kí ara àwọn obìnrin oko fúyẹ́. Ohun tí ń wọ ẹnu ní ipa tí ó pọ̀, àgbẹ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ bá sì ti yí padà kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ́ láti bá a san gbèsè náà.

Láti lóye bí ìpalára ṣe ń wáyé, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀rá ara kò sí ní ibì kan náà. Ọ̀rá kan wà lábẹ́ awọ, ní ìtan, ní ìdí àti ní apá, èyí tí ọwọ́ lè fún pọ̀. Òmíràn wà nínú ikùn gan-an, ó yí ìfun ká, ó sì súnmọ́ ẹ̀dọ̀. Jean Vague, dókítà kan ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1947 pé ibi tí ọ̀rá wà ṣe pàtàkì, àti pé àwọn tí tiwọn pọ̀ sí apá òkè ara ni àtọ̀gbẹ ń bá jà jù. Ọ̀rá abẹ́ awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeni níbi; ibi ìpamọ́ ni. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ kò bá gbà mọ́, bí àká tí ó kún tí àgbàdo sì ń dà sílẹ̀: ọ̀rá tí ó ṣẹ́ kù á lọ forí pamọ́ sínú ikùn, sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú ẹran ara, níbi tí kò yẹ kí ó wà.

Ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde láti ibi ìfun àti ọ̀rá tí ó yí i ká máa ń gba inú òpójẹ̀ ńlá kan lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀ kí ó tó dé ibikíbi mìíràn. Ọ̀rá inú ikùn sì máa ń yára tú èròjà rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ yìí, pẹ̀lú àwọn èròjà tí ń mú kí ara máa gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó ń bá egbò jà. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá bá ti ráyè wọ̀ kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́. Ínsúlínì ni họ́mọ́ọ̀nù tí ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó dẹ́kun ṣíṣe ṣúgà nígbà tí oúnjẹ bá ti wọlé, òun náà ni ó sì ń ṣílẹ̀kùn ẹran ara kí ṣúgà lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ kò bá gbọ́ mọ́, á máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo òru tí ẹni náà ń sùn, nítorí náà ni ṣúgà òwúrọ̀ fi máa ń ga lára ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ẹ̀yà ara tí ń ṣe ínsúlínì, tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, á wá máa ṣe púpọ̀ sí i láti borí àìgbọ́ràn náà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyẹ̀wò ṣúgà á sì máa dára, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Láàárín àkókò náà, ínsúlínì tí ó pọ̀ jù ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ mú, ìfúnpá á sì gòkè.

Níbi yìí ni iṣẹ́ oko ti ń ṣe oore rẹ̀ gan-an. Ẹran ara tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà wọlé fúnra rẹ̀ láìdúró de ínsúlínì, ipa náà kì í sì í parí nígbà tí àgbẹ̀ bá gbé ọkọ́ sílẹ̀: ara á túbọ̀ máa gbọ́ràn sí ínsúlínì fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́. Iṣẹ́ agbára tí a ń ṣe léraléra tún ń dín ọ̀rá inú ikùn kù, kódà bí ìwọ̀n ara kò bá yí padà lórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Bí ẹ̀rùn bá dé, tí iṣẹ́ oko dẹ̀, tí owó ìkórè sì wà lọ́wọ́, ààbò náà á tètè lọ, oúnjẹ ní tirẹ̀ kì í sábà dín kù.

Iṣẹ́ oko fúnra rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn dé oko tẹ́lẹ̀ ti ń gun ọkadà báyìí. Ilẹ̀ tí ọkọ́ ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti ro, pọ́ǹpù tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn àti oògùn apakoríko ń parí rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Katakata ń túlẹ̀, alágbàṣe ń kọ ebè, olóko á sì máa bójú tó wọn. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bẹ àgbẹ̀ pé kí ó padà sí ìnira àtijọ́, nítorí ọkọ́ ti ba ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé orúkọ iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n ohun tí ara ń ṣe nínú rẹ̀ kò rí bí ó ṣe rí mọ́.

Ti àwọn obìnrin tún ní ìdíjú tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, obìnrin kan lè jókòó sórí àpótí kúkurú lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí á máa fi igbá rò ó, ooru àti èéfín á sì máa bá a lójú. Apá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ìtan àti ìdí, tí ó ní ẹran ara tí ó pọ̀ jù lọ tí ó lè gba ṣúgà, kò ṣe nǹkan kan. Bákan náà ni bíbó ẹ̀gẹ́ rí. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, ọ̀rá tí ó ti ń lọ sí ìtan àti ìdí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ikùn, nítorí họ́mọ́ọ̀nù tí ń darí rẹ̀ síbẹ̀ ti dín kù. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló fà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bú wọn.

Ní ti oúnjẹ, àmàlà tàbí ẹ̀bà kọ́ ni ọ̀tá. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé àgbẹ̀ máa ń jẹun díẹ̀ lóko, tí á wá jẹ òkèlè ńlá lálẹ́ kí ó tó sùn, tí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ á sì ti lọ sí ọjà nítorí pé owó ni wọ́n. Ẹlẹ́rìndòdò tí gíráàmù 10 ṣúgà bá wà nínú mílílítà 100 rẹ̀ gbé gíráàmù 50 sínú ìgò sẹ̀ntílítà 50 kan, kò sì ní kí ebi kúrò. Ọtí tún burú jù fún ikùn, nítorí ẹ̀dọ̀ kì í fi ọtí pamọ́: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó o, ọ̀rá tí ì bá jó á sì dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ebi ìgbà ọmọdé náà ń jà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Enugu, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, yẹ àwọn tí a bí ní àkókò ìyàn ogun Biafra wò nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí ẹni ogójì ọdún. Ìfúnpá àti ṣúgà wọn ga ju ti àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun lọ. Ara tí ó kọ́ ìṣúnná nínú oyún kì í tètè gbàgbé, bí oúnjẹ bá sì pọ̀ lẹ́yìn náà, kì í mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Téèpù télọ̀ ni ó ń tú àṣírí ohun tí òṣùwọ̀n kò rí. Kí ẹni náà ṣí aṣọ kúrò ní ikùn, kí ó dúró gbọọrọ, kí ó sì fi ìka wá ìsàlẹ̀ egungun ìhà tí ó kẹ́yìn àti òkè egungun ìbàdí ní ẹ̀gbẹ́ ara. Agbedeméjì wọn ni téèpù yóò gbà, kì í ṣe ibi tí bẹ́líìtì wà, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń so ṣòkòtò sí abẹ́ ikùn, tí wọ́n á sì gbà pé àwọn kò sanra. Kí ó mí síta wọ́ọ́rọ́, kí ó má fa ikùn wọlé, kí a wá ka nọ́ńbà. Fún àwọn ará ìhà gúúsù Sàhárà, International Diabetes Federation, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, ní kí a lo ìwọ̀n àwọn ará Yúróòpù títí a ó fi ní tiwa: sẹ̀ntímítà 94 fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin ni ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn ni pé kí ìwọ̀n ikùn má tó ìdajì gíga ẹni. Ẹni tí ó ga ní sẹ̀ntímítà 170 kò gbọdọ̀ dé 85.

Ikùn ńlá jẹ́ àmì kan nínú márùn-ún tí àwọn àjọ ìlera fẹnu kò lé lórí ní 2009. Àwọn yòókù ni ìfúnpá tí ó dé 130/85, ṣúgà àìjẹun tí ó dé mílígíráàmù 100 nínú dẹ̀sílítà kan, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní triglyceride tí ó dé 150, àti HDL, ọ̀rá tí ń ṣeni lóore, tí ó kéré ju 40 lára ọkùnrin tàbí 50 lára obìnrin. Mẹ́ta nínú wọn tó láti sọ pé ètò inú ara ti dàrú. Ìfúnpá àti ṣúgà ṣeé wọ̀n ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti ní kẹ́mísì, ìwọ̀nyí sì ni ó yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè fún. Kì í sì í ṣe gbogbo ikùn tí ó yọ ni ọ̀rá: bí ikùn bá wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí apá ń gbẹ, tí ẹsẹ̀ sì ń wú, ó lè jẹ́ omi láti ara ẹ̀dọ̀ tí ó ti bàjẹ́, ọsibítù ni kí a gbà lọ ní kíá.

Nígbà tí oúnjẹ alẹ́ bá dín kù, tí ọtí àti ohun mímu dídùn bá kúrò, tí ẹsẹ̀ sì ń rìn nígbà ẹ̀rùn pẹ̀lú, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ àti ti inú ikùn wà lára èyí tí ó ń kọ́kọ́ lọ. Bí ara bá dín ní ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ṣúgà àti ìfúnpá sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní oògùn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé téèpù ti dínkù. Dókítà ni yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, tí yóò sì sọ iye tí ó yẹ kí ó máa lò.