Orin Tí Kò Lólúwa: Bí Orúkọ Ẹni Tó Dá Orin Ṣe Ń Sọnù ní Írẹ́lándì

Ní ọdún 1909, ilé ìtẹ̀wé orin Boosey ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé kan jáde, àkójọ orin abúlé Írẹ́lándì tí ọmọ Belfast kan, Herbert Hughes, kó jọ. Orin kan wà nínú ìwé náà tí ó ti wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: “She Moved Through the Fair”. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń rántí bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe gba àárín ọjà kọjá lọ sílé, lẹ́yìn tó ti fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn kò ní pẹ́ mọ́. Orin náà kúrú, kò la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Bí a bá wo ẹ̀yìn àwọn àwo tí orin yìí wà nínú wọn, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa ẹni tó ni ín kò dọ́gba. Àwọn kan kọ “ìbílẹ̀” nìkan. Àwọn kan dárúkọ akéwì Padraic Colum. Àwọn mìíràn dárúkọ Colum pẹ̀lú Hughes. Kò sí èyí tó parọ́ pátápátá nínú wọn, kò sì sí èyí tó sọ òótọ́ tán.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí ibi tí ìṣòro wà. Bí a bá ní lágbájá “kọ orin”, ó lè jẹ́ pé ẹnu ló fi kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé kálàmù ni. Àárín kíkọ méjèèjì yìí gan-an ni orúkọ ti máa ń bọ́ sọnù.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé nínú orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì, ohùn (ìyẹn bí orin ṣe ń lọ sókè sódò) dá wà, ọ̀rọ̀ dá wà. Ohùn kan lè gbé orin márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí kò sí èyí tó bá èkejì tan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà sì lè bọ́ ohùn tó wọ̀ ní Donegal ní àríwá sílẹ̀, kó gbé òmíràn wọ̀ bó bá dé Cork ní gúúsù. Olórin tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn, tí kò sì rántí ohùn rẹ̀, yóò wá ohùn tó bá a mu nínú èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, “Ta ló ni orin yìí?” kì í ṣe ìbéèrè kan. Ta ló dá ohùn rẹ̀? Ta ló hun ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ta ló so méjèèjì pọ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń yàtọ̀ síra, tí ọgọ́rùn-ún ọdún sì máa ń wà láàárín wọn.

Ká mú orin ọjà náà. Donegal ni Hughes ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Colum, ọmọ Longford, tí wọ́n bí ní 1881. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe jẹ́ tirẹ̀ tó? Ní 1970, ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn nínú lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé ń kọ sí ìwé ìròyìn The Irish Times. Àwọn kan gbà pé orin àtayébáyé ni, pé ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Colum ṣì wà láyé nígbà náà, ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, òun náà sì mú kálàmù. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹsẹ tó kẹ́yìn nìkan ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀, òun lòun kọ ọ́.

Ẹ wo bí ó ṣe rí: ẹsẹ kan tó ti gbó, tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára, ni akéwì mú gẹ́gẹ́ bí òpó, tó wá mọ ilé tuntun yí i ká. Ilé náà wá bá òpó mu débi pé ojú kò rí ààlà wọn mọ́. Bí iṣẹ́ ọnà bá dára tó báyìí, òun gan-an ló ń pa orúkọ ẹni tó ṣe é rẹ́, nítorí àwọn ènìyàn kì í gbà pé ẹnìkan jókòó nídìí tábìlì kó wá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé oríyìn tó ga ni fún Colum, àmọ́ ó jẹ́ ìpàdánù fún un pẹ̀lú.

Ọ̀ràn kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Colum fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Hughes, ó rí i pé òun kò jẹ́ kó hàn pé obìnrin náà ti kú, àti pé òkú ló padà wá bá olólùfẹ́ rẹ̀ lóru. Ó kọ ẹsẹ kan sí i láti fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ náà pẹ́ jù, ìwé Hughes ti lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ibòmíràn ló ti jáde. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń kọ ẹsẹ mẹ́ta tí àwọn mìíràn ń kọ mẹ́rin, tí ẹlòmíràn sì fi rò pé ẹsẹ tó lé yẹn jẹ́ àfikún àwọn ará abúlé. Ìyàtọ̀ láàárín olórin kan sí òmíràn kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí pé orin ti gbó. Nígbà mìíràn, lẹ́tà tó pẹ́ dé ló fà á.

Lẹ́yìn èyí, John McCormack, olórin ọmọ Athlone tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú àwo. Margaret Barry, obìnrin kan láti Cork, nínú àwọn Traveller, ìyẹn ẹ̀yà alárìnkiri Írẹ́lándì, gbọ́ àwo náà lórí ẹ̀rọ giramafóònù, ó sì kọ́ ọ. Ìgboro àti ọjà ni Barry ti ń kọrin, bánjò rẹ̀ ní àyà, ohùn rẹ̀ ń ró bí agogo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Alan Lomax, ará Amẹ́ríkà tó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ káàkiri ayé, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láìmọ ìtàn yìí, kí ni ì bá sọ? Obìnrin alárìnkiri, lójú ọjà, tó ń kọ orin nípa ọjà: yóò ní ìjìnlẹ̀ orin Írẹ́lándì nìyí, tí ìyá ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Àwo ló kọ́ ọ, ìwé ló sì kọ́ ẹni tó kọ àwo. Barry fúnra rẹ̀ kò fi ibi tó ti kọ́ ọ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ni kò bèèrè.

Àwọn akójọ-orin náà dá kún ìsọnù orúkọ, àwọn gan-an tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé orin kò parun. Ní oṣù keje ọdún 1792, wọ́n pe àwọn àgbà tó ń ta dùùrù olókùn jọ sí Belfast. Edward Bunting, ọmọ ọdún 19, ni wọ́n ní kó máa kọ ohùn tí wọ́n bá ta sílẹ̀. Ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gaeilge, èdè ìbílẹ̀ Írẹ́lándì. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1796 ní ohùn 66 nínú, kò sì ní ọ̀rọ̀ orin kankan. Bí ọ̀rọ̀ bá ti já kúrò lára ohùn, orúkọ ẹni tí orin ń ṣe sàdáńkátà fún ti lọ, orúkọ ìlú ti lọ, orúkọ ẹni tó dá a náà sì ti tẹ̀ lé wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Limavady. Ní 1855, George Petrie tẹ àkójọ ohùn orin àtijọ́ jáde ní Dublin. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí Jane Ross, obìnrin ará Limavady ní àríwá Írẹ́lándì, fi ránṣẹ́ sí i. Ohùn náà kò ní àkọlé, kò ní ọ̀rọ̀, kò sì ní orúkọ ẹni tí Ross ti gbọ́ ọ. Nítorí pé ìpínlẹ̀ Londonderry ló ti wá, “Londonderry Air” ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ní 1913, Fred Weatherly, agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀rọ̀ tó ti kọ tẹ́lẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i, ó sì di “Danny Boy”. Orúkọ Weatherly wà. Orúkọ Petrie wà. Orúkọ Ross wà. Ẹni tó ta á tàbí tó kọ ọ́ létí Ross kò ní orúkọ nínú ìwé. Àwọn ará Limavady máa ń sọ pé afọ́jú kan tó ń ta fáyólìn, ìbátan gòjé, ní ojú pópó ni, Jim McCurry lorúkọ rẹ̀. Ìtàn ẹnu ni, ìwé Petrie kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan péré ni ì bá gbà láti kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀.

Nítorí pé ohùn náà yàtọ̀ sí àwọn yòókù, àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohùn Írẹ́lándì kọ́, pé Ross ló dá a fúnra rẹ̀. Ní 1974, onímọ̀ orin Hugh Shields tú ìwé Bunting ti 1796 wò, ó sì rí ohùn kan tí wọ́n ń pè ní “Aisling an Óigfhir” tó jọ ọ́. Ọwọ́ Denis Hempson ni Bunting ti gbà á, àgbà tó ń fi èékánná ta dùùrù olókùn wáyà, ará Magilligan. Magilligan kò jìnnà sí Limavady rárá. Irú ẹ̀rí báyìí kò sọ ẹni tó dá ohùn náà, ṣùgbọ́n ó fún un ní àdúgbò, ó sì gba Ross lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Báyìí náà ni iṣẹ́ ìwádìí ṣe ń lọ. Wọ́n á wá ìwé tó pẹ́ jù tí orin ti fara hàn nínú rẹ̀. Wọ́n á wo ìwé pélébé tí àwọn atẹ̀wé ń tẹ orin sí, tí wọ́n ń tà ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ lójú ọjà, èyí tí wọn kì í sábà kọ orúkọ sí. Wọ́n á wo àkójọ tí Steve Roud, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1970, tó fún nǹkan bí 25,000 orin ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 861 ni orin ọjà náà wà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní “Our Wedding Day”. Nọ́ńbà kan náà túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ́ ẹbí. Kò sọ èyí tó bí èkejì. Bákan náà, ọdún tí wọ́n tẹ orin sínú ìwé kàn ń sọ pé kò lè kéré sí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí.

Nígbà mìíràn ìwádìí máa ń dín ọjọ́ orí orin kù ni. Ní 1988, Dublin ṣe ère Molly Malone, obìnrin ẹlẹ́ja inú orin tí gbogbo ìlú fẹ́ràn, wọ́n sì gbà pé ó gbé ayé ní nǹkan bí 1699. Àwọn onímọ̀ kò rí ẹ̀rí kankan fún èyí. Ìwé tó pẹ́ jù tí wọ́n rí orin náà nínú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1876, ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé e ní 1884, èyí sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́: James Yorkston, ará Edinburgh. Orin orí ìtàgé ni. Ìwé kan tó ti wà láti nǹkan bí 1790 ní orin nípa Molly Malone nínú, ṣùgbọ́n orin ọ̀tọ̀ ni.

Ẹni tó ṣe é bó ti yẹ ni akéwì Írẹ́lándì, W. B. Yeats. Nígbà tó tẹ “Down by the Salley Gardens” ní 1889, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ń gbìyànjú láti tún orin àtijọ́ kan kọ́ ni, láti inú ìlà mẹ́ta tí obìnrin àgbà kan ní Ballisodare ní Sligo rántí láìpé. Hughes ló wá fi ohùn mìíràn bọ̀ ọ́, nínú ìwé 1909 yẹn kan náà. Yeats kò dárúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ó wà.

Owó náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, tó ń dá olè iṣẹ́ ọpọlọ dúró, ń dáàbò bo iṣẹ́ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é ní Írẹ́lándì àti ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin tí wọ́n bá kọ “ìbílẹ̀” sí lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sì tò ó lọ́nà tuntun lè gba owó lórí ètò tirẹ̀. Ìdí nìyí tí “ìbílẹ̀” fi rọrùn láti kọ. Nínú orin ọjà náà, ohùn Donegal kò ní olówó. Ètò dùùrù onítẹ̀ tí Hughes ṣe bọ́ lábẹ́ ààbò ní ìparí 2007, nítorí 1937 ló kú. Ọ̀rọ̀ Colum, tó kú ní oṣù kìíní 1972, ṣì wà lábẹ́ ààbò títí di ìparí 2042. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tó jáde ní 1909 ti di ti gbogbo ayé, nítorí ọdún tí iṣẹ́ àtijọ́ jáde ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Láàárín àwọn olórin Írẹ́lándì fúnra wọn, àṣà kan wà tó ń dí ihò tí ìwé ń fi sílẹ̀. Kí olórin tó la ẹnu, yóò kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ti gbọ́ orin náà. Ọ̀pọ̀ ló ń dárúkọ Margaret Barry kí wọ́n tó kọ orin ọjà. Barry á tọ́ka sí àwo McCormack, McCormack sí ìwé Hughes, Hughes sí Colum fún ọ̀rọ̀, àti sí Donegal fún ohùn. Ní Donegal, ẹnìkan dúró síwájú Hughes, ó sì kọ ọ́ sí i létí.