Ògidì kọfí ni, kì í ṣe àgbo kọfí

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàlàyé fún Yorùbá bí àwọn ará gúúsù Íńdíà ṣe ń po kọfí wọn nílé, ibi kan náà ló ti máa ń kọsẹ̀: orúkọ omi dúdú kíki tó ń kán jáde nínú agolo irin méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn, láti inú ti òkè tí ìdí rẹ̀ lu, tí wọ́n rọ kọfí lílọ̀ sí, sínú agolo ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó da mílíìkì pọ̀ mọ́ ọn. Ní Chennai àti Mysuru, dikáṣàn ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yá, wọ́n sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Àwọn kan lára wa ní kí á máa pè é ní “dikọ́kíṣọ̀n”. Àwọn mìíràn ní “àgbo kọfí”. Ẹnìkan kọ “omi kọfí”, ó sì gbà pé iṣẹ́ parí. Ògidì kọfí ni èmi ń pè é, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, torí ẹni tó bá ṣi orúkọ rẹ̀ pè yóò ṣi kọfí náà pò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú dikọ́kíṣọ̀n kúrò lọ́nà. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì, kọfí fúnra rẹ̀, a yá gbogbo wọn, wọ́n sì ti mọ́ wa lẹ́nu. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a yá láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a sè títí agbára rẹ̀ fi bọ́ sínú omi ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó dúró fún sísè ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ń fi agolo yìí po kọfí kì í sè é. Omi nìkan ni wọ́n ń gbé kaná. Kọfí ò gbọ́dọ̀ rí iná. Orúkọ náà kò bá a mu láti ilé rẹ̀ wá. Kí ló wá dé tí a óò fi rù ú wọlé, tí ìyá tó bá gbọ́ ọ kò ní rí nǹkankan dì mú nínú rẹ̀?

Wọ́n ní Òyìnbó ló mú kọfí dé Íńdíà, nítorí náà kí á fi ọ̀rọ̀ Òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà. Rárá o. Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Chikmagalur, ní ìpínlẹ̀ Karnataka, ni pé Baba Budan, ẹni mímọ́ kan nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ló kó hóró kọfí méje pamọ́ sára láti Mocha ní ilẹ̀ Yemen nígbà tó ń ti Mẹ́kà bọ̀, ní ọ̀rúndún 17. Òkè tó gbìn ín sí ń jẹ́ Baba Budangiri títí dòní. Òótọ́ ni pé oko ńláńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé lẹ́yìn náà, òótọ́ sì ni pé ìparí ọ̀rúndún 19 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni kọfí wọ ilé àwọn Tamil, ẹ̀yà kan ní gúúsù Íńdíà, dáadáa. Kí ó tó dé, neeragaram, omi ìrẹsì tó ti sùn mọ́jú, ni ọ̀pọ̀ wọn ń mu láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọfí wọlé, wọn ò pè é bí Òyìnbó ṣe pè é. Kaapi ni wọ́n sọ ọ́ dà, torí ohùn “f” kò sí nínú èdè wọn. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹnu ara wọn. Ohun tí mo ní kí àwa náà ṣe nìyẹn.

Àgbo kọfí ló léwu jù, torí ó dùn létí. Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ronú. Ó wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé sísè ni, ó sì mú èyí tó bá a mu nínú èdè wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló tú, kò tú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ ní kí Yorùbá ṣe àgbo, ìkòkò ni yóò gbé kaná. Mo sì ti rí i tí àwọn èèyàn fi kọfí olówó iyebíye sínú omi tó ń hó, tí wọ́n jẹ́ kó máa hó lọ, torí wọ́n kà á níbì kan pé àgbo ni. Ohun tó jáde níbẹ̀ korò débi pé ṣúgà ò ràn án. Bí kọfí bá ń hó pẹ̀lú omi, ìkorò tó yẹ kó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ á bá adùn jáde, òórùn dídùn tó yẹ kó dé imú wa á sì bá èéfín lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni a máa ń gbé àgbo padà sórí iná, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹ gbé ògidì kọfí padà sórí iná lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Wọ́n á ní àgbo tútù ńkọ́, tí a kì í sè? Ó dára. Àgbo tútù, rírẹ ni. Ewé àti egbò wà nínú omi, omi yí wọn ká, wọ́n jọ ń gbé inú ìgò kan náà. Nínú agolo àwọn ará Íńdíà, kọfí kì í lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Omi ló ń kọjá lára rẹ̀. Sísè, rírẹ àti kíkán, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, èyí tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kò tíì mọ kọfí yìí.

Bí ẹ bá ti dé àgbàlá aláró rí, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, ẹ ti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá aláró á gbé ìkòkò méjì lé ara wọn. Èyí tó wà lókè, ìdí rẹ̀ lu. Eérú ló rọ sínú rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba. Á da omi lé eérú náà, á sì fi í sílẹ̀. Omi á máa wá ọ̀nà gba àárín eérú kọjá, á máa kó ohun tó wà nínú rẹ̀ dání bó ṣe ń lọ, á wá máa kán tó, tó, tó, sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Ohun tó kán sílẹ̀ kì í ṣe omi tó dà sókè mọ́. Ó le, ó ń ta ahọ́n, òun ló sì máa jẹ́ kí elú yọ aró. Bó bá tẹ eérú jù, omi ò ní rí ọ̀nà. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ rárá, omi á sáré kọjá, á dé ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi kọfí lílọ̀ rọ́pò eérú, ẹ fi agolo irin rọ́pò ìkòkò amọ̀. Mo ti ṣàlàyé tán.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń pe agolo òkè ní ajere, tí mi ò pè é ní asẹ́. Orí asẹ́ ni a ń sẹ́ ògì sí: omi á kọjá kíákíá, èérí á dúró. Ajere ni ohun tí ìdí rẹ̀ lu tí a sì ń kó nǹkan sínú rẹ̀ kó gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní asẹ́ lọ́kàn á máa kánjú. Á máa ro kọfí pẹ̀lú ṣíbí kó lè tètè lọ sílẹ̀. Bóyá idẹ ni ajere tàbí irin tí kì í dípata, bóyá irú kọfí tó ń jẹ́ arábíkà ló wà nínú rẹ̀ tàbí èyí tó ń jẹ́ rọ̀bọ́sítà, ìyẹn ò ní dá wa dúró.

Fún èèyàn méjì, nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 25 kọfí lílọ̀ tó. Kó má kúnná jù, torí á dí ihò. Kó má sì jẹ́ oníhóró jù. Ẹ gbọn ajere kó tẹ́ dọ́gba, kí ẹ fi àwo pẹlẹbẹ inú rẹ̀, èyí tó lu tó sì ní ọ̀pá láàárín, tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ fi àwo náà sílẹ̀ síbẹ̀. Òun ni kò ní jẹ́ kí omi gbẹ́ kòtò sáàárín kọfí. Ẹ mú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán, nǹkan bíi mílílítà 120. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n díẹ̀ lé e. Ẹ ó rí i tí kọfí á wú díẹ̀, tí ìfófó wẹ́wẹ́ á sì máa yọ láti ihò àwo náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra da ìyókù, kí ẹ dé e, kí ẹ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni yóò gbà. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe é lálẹ́ tí wọ́n ń bá a láàárọ̀. Gbogbo omi kọ́ ló máa kán sílẹ̀, torí kọfí náà á mu tirẹ̀. Bí ẹ bá rí mílílítà 70 gbà, ó dáa.

Bí kò bá kán, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, agolo méjèèjì ló há mọ́ra tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde. Ẹ gbé ajere sókè díẹ̀, kí ẹ gbé e padà. Bí ìyẹn ò bá yọrí, a jẹ́ pé ihò ti dí. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ gbé ajere òfìfo sórí iná kí ohun tó dí ihò lè jóná.

Wàyí o, ògidì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fún òun ní ògidì ẹmu, gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ: èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bu omi là. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi dúdú tó wà nínú agolo ìsàlẹ̀ rí. Ó ki, ó le, kò sì sí ẹni tó ń mu ún bẹ́ẹ̀. A ṣe é ká lè là á ni. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún yín pé ó ku ohun tí ẹ máa fi kún un. “Omi kọfí” ò lè sọ ìyẹn, torí omi kọfí ni gbogbo kọfí tó wà nínú ife. “Oje kọfí” náà ò lè sọ ọ́: oje ti wà nínú ọsàn kí a tó fún un, ṣùgbọ́n kọfí lílọ̀ gbẹ táútáú, omi ló wá kó agbára rẹ̀ jáde.

Ẹnìkan bá mi fà á pé ògidì ni ohun tí kò lábùlà, pé ṣíkórì sì wà nínú kọfí yìí. Ṣíkórì ni egbò kan tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀ mọ́ kọfí. Kò ní kafíìnì, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ohun tó kán sílẹ̀ ki, kó dúdú, kó ní ìkorò tó pẹ́ lẹ́nu. Ó tún máa ń mu omi, á wú, á sì dín eré omi kù nínú ajere. Ìdá 80 kọfí sí 20 ṣíkórì wọ́pọ̀, 70 sí 30 náà wọ́pọ̀; òfin ilẹ̀ Íńdíà ò sì gbà kí kọfí inú àpòpọ̀ náà dín sí ìdá 51 nínú 100. Ìdáhùn mi rèé: ewé méje lè wà nínú àgbo, ògidì àgbo ni títí ẹnìkan yóò fi bu omi là á. Ohun tí wọ́n dì sínú ajere kọ́ ló ń ba ògidì jẹ́. Èyí tí wọ́n dà lé e lẹ́yìn náà ni.

Àwọn tó ni kọfí yìí gan-an ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Ní Kumbakonam, ìlú tó kún fún tẹ́ḿpìlì ní Tamil Nadu, degree kaapi ni wọ́n fi ń yangàn. Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù lórí orúkọ náà ni pé wọ́n máa ń fi irin-iṣẹ́ kan wọn mílíìkì láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ti bu omi sí i. Èyí tó bá yege ni mílíìkì degree. Ògidì mílíìkì lé ògidì kọfí nìyẹn.

Mílíìkì náà gbọ́dọ̀ hó. Ìdá kan ògidì sí ìdá mẹ́ta mílíìkì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó le, kó ṣe é ní ìdá kan sí méjì. Mílíìkì ló máa mú ooru wá, nítorí náà ẹ má gbé ògidì kaná. Ẹ fi ṣúgà sí i nínú ife irin, kí ẹ gbé davara, àwo irin kékeré tó máa ń wà lábẹ́ ife, sí ọwọ́ kejì. Ẹ da kọfí láti inú ife sínú davara, kí ẹ dà á padà, kí ọwọ́ tó wà lókè máa ga sí i bí ẹ ṣe ń dà á. Ṣúgà á yòrò, ooru á rọlẹ̀ dé ibi tí ahọ́n gbà, ìfófó á sì bo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní East Ham nílùú London, níbi tí àwọn Tamil pọ̀ sí, lè wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó gbìyànjú tirẹ̀.

Ó ku èyí tó ń kán lẹ́yìn. Bí ògidì bá ti kán tán, ọ̀pọ̀ ilé kì í da kọfí inú ajere nù. Wọ́n á tún da omi gbígbóná lé e. Èyí fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí. Omi kejì ni kí ẹ máa pè é, kí ẹ má fún un lórúkọ ògidì. Ẹ dà á sí agolo ọ̀tọ̀ kó má baà la ti àkọ́kọ́, kí ẹ dín mílíìkì rẹ̀ kù sí ìdá kan sí ìdá kan, kí ẹ sì mu ún lọ́jọ́ náà.