Kí Ẹ Tó Gbà Pé Iṣẹ́ Náà Tún Ìlú Ṣe

Ìjábọ̀ lórí ìdàgbàsókè ìlú sábà máa ń ka ohun tí wọ́n ṣe fún wa: ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gígùn báyìí, igi tó pọ̀ báyìí, bọ́ọ̀sì tuntun mélòó kan. Ó dára ká mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ipa iṣẹ́ wà lára ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Ṣé ó ń tètè dé ibi iṣẹ́? Ṣé omi òjò ò wọlé rẹ̀ mọ́? Igi tí wọ́n gbìn tó sì kú lọ́dún kejì wà nínú iye tí wọ́n kà, bẹ́ẹ̀ kò ṣe ibòòji fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú mi ni pé: báwo ni ibẹ̀ ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń kùnà. Dókítà tí kò wo bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó kó tó fún un lóògùn kò lè sọ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́.

Ìlú Stockholm ní Sweden ṣe é bó ṣe yẹ. Lóṣù kìíní ọdún 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ń wọ àárín ìlú tàbí tó ń jáde níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdánwò oṣù méje ni. Wọ́n ti ka ọkọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Nígbà ìdánwò náà, ọkọ̀ tó ń gba ibi ìgbowó kọjá dínkù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n dá a dúró níparí oṣù keje, ọkọ̀ tún pọ̀ padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìpadàbọ̀ yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé owó náà ló dín ọkọ̀ kù. Àwọn ará ìlú dìbò lórí rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, wọ́n gbà á, owó náà sì tún bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2007.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni kò ṣeé dá dúró ká fi wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Afárá tí wọ́n ti kọ́, wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tó kù ni ká wá àdúgbò tó jọ ọ́, tí iṣẹ́ náà kò dé. Ní Medellín, ní Colombia, wọ́n ṣí ọkọ̀ orí wáyà, èyí tí wọ́n so kọ́ sára wáyà tó ń fà á lọ lókè, lọ́dún 2004 fún àwọn àdúgbò tálákà tó wà lórí òkè, kó máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ wá síbi ọkọ̀ ojú irin. Ìpànìyàn dínkù gan-an níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ó ń dínkù káàkiri ìlú lásìkò yẹn, ẹni tó bá wo àdúgbò kan ṣoṣo á kan sáárá sí ọkọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn olùwádìí wá fi wọ́n wé àwọn àdúgbò mìíràn tó jọ wọ́n: ìdínkù ti ibi tí ọkọ̀ dé fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ibi tí kò dé lọ. Síbẹ̀, wọ́n tún ṣe àwọn nǹkan mìíràn síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ náà, nítorí náà kì í ṣe wáyà nìkan ló ni ìyìn.

Ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Àfojúsùn ìdàgbàsókè kọkànlá nínú 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2015 jẹ́ ti ìlú, ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n rẹ̀ sì ń wo iye èèyàn tí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì wà láàárín mítà 500 sí. Ẹni tó bá fẹ́ tètè parí iṣẹ́ á fa òbìrí yí ibùdókọ̀ ká lórí máàpù, á sì ka gbogbo ilé tó bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín wò. Ẹ ó bá ọ̀nà márosẹ̀ tí kò ní ibi ìsọdá pàdé, ẹ ó bá ògiri ilé-iṣẹ́ tó gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní pàdé, mítà 500 á di kìlómítà kan ààbọ̀. Ta ló fẹ́ gbé arúgbó tàbí ẹni tí kò lè rìn dáadáa gba ibẹ̀? Bọ́ọ̀sì ọ̀hún ńkọ́, ìgbà mélòó ló ń kọjá lóòjọ́?

Ní ti bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó, ẹ wọ̀n ọ́n fún odidi ọdún kan, torí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ò rí bákan náà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ayálégbé. Wọ́n á tún àdúgbò ṣe, owó ilé á gbówó lérí, àwọn tí kò lágbára á kó jáde. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n á ṣèwádìí, wọ́n á sì kéde pé owó tó ń wọlé fún ará àdúgbò ti pọ̀ sí i. Ará àdúgbò wo? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ayálégbé tó bá yọ̀ǹda, kí wọ́n sì wá wọn lọ síbikíbi tí wọ́n bá kó lọ. Bí wọ́n bá gbé ìjábọ̀ ìlú yín wá, ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọn tó kó lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.